Odi Tí Ó Wà ní Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ilé àti ọkọ̀. A fẹ́ mọ bí a ṣe lè tún wọn ṣe kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lè wọlé, kí ó sì jáde, láìjẹ́ pé a gbé e.

Gbogbo wa ní Notsé mọ ìtàn odi Agbogbo. Ìtàn sọ pé àwọn Ewe ń jìyà lábẹ́ ọba Agokoli, odi amọ̀ ńlá sì sé wọn mọ́. Àwọn obìnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìfọṣọ àti omi ìfọkòkò sí ojú kan náà lára odi, lójoojúmọ́. Nígbà tí amọ̀ náà rọ̀, wọ́n dá a lu ní òru, wọ́n sì jáde. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, kí àwọn tí yóò lépa wọn má baà mọ ibi tí wọ́n gbà.

Odi ńlá ni ti Agbogbo. Ṣùgbọ́n odi kékeré wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Àkàsọ̀ ni. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn kì í kà á sí. Ẹni tí ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, ń bá a jà lójoojúmọ́.

Ohun tí ojú mi rí

Obìnrin aránṣọ kan forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì wa. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ wà ni ó máa ń gùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì gbé e wọlé. Ní ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀ náà ni. Láti ìgbà náà a kò rí i mọ́. Èmi fúnra mi sọ pé ìwé ti sú u.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ní: "Olùkọ́, ẹ má bínú. Ìwé kò sú mi. Kí wọ́n máa gbé mi bí àpò àgbàdo lójú gbogbo ènìyàn ni ó sú mi."

Ojú tì mí. Àkàsọ̀ méjì péré ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń gùn wọ́n, n kò sì rò wọ́n rí.

A kó òkúta àti amọ̀ jọ, a sì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n a kò wọ̀n ọ́n. Mítà kan péré ni a ṣe é. Nígbà tí obìnrin náà gbìyànjú láti gùn ún, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí padà sẹ́yìn, díẹ̀ ni ó kù kí ó ṣubú. A wó o, a sì tún un ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀n náà fún yín, kí ẹ̀yin má baà ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí kò ní àkàsọ̀. Òfin rẹ̀ kò le: gíga ẹnu ọ̀nà lọ́nà 12 ni gígùn rẹ̀.

Bí ẹnu ọ̀nà bá ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ńtímítà 15, ọ̀nà náà yóò gùn ní sẹ̀ńtímítà 180. Tiwa ga ní sẹ̀ńtímítà 30. Nítorí náà a ṣe é ní sẹ̀ńtímítà 360, ìyẹn mítà 3 àti sẹ̀ńtímítà 60.

Kí ó fẹ̀ tó mítà kan. Ẹ mọ etí rẹ̀ sókè díẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí kẹ̀kẹ́ má baà yọ́ jábọ́. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì bo orí rẹ̀, nítorí òjò yóò wọ́ amọ̀ lásán lọ. Kí sìmẹ́ǹtì náà tó gbẹ, ẹ fi ìgbálẹ̀ fà á lára, kí ó má baà máa yọ̀. Ní òkè, níwájú ilẹ̀kùn, ẹ fi ibi tí ó tẹ́jú sílẹ̀, tí ó tó mítà kan ààbọ̀, kí ènìyàn lè dúró níbẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn àti yàrá

Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 80, ó kéré tán. 90 dára jù.

Àga oníkẹ̀kẹ́ nílò àyè láti yí padà nínú yàrá. Àyè náà tó mítà kan ààbọ̀. Ẹ lè wọ̀n ọ́n báyìí: ẹ gé okùn tí ó gùn ní sẹ̀ńtímítà 75. Ẹ di orí rẹ̀ kan mú mọ́lẹ̀, ẹ so ẹfun mọ́ orí kejì, kí ẹ sì fi yí òbírí sí ilẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú òbírí náà, ìbáà jẹ́ àpótí tàbí ìkòkò, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kí ibùsùn ga bákan náà pẹ̀lú ìjókòó àga. Ènìyàn yóò lè fà ara rẹ̀ láti orí àga bọ́ sórí ibùsùn láìpe ẹnikẹ́ni. Ní ilé ìgbẹ́, ẹ mọ ìjókòó, kí ẹ sì kan igi tí ó le mọ́ ògiri fún ìdìmú. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí síta. Má ṣe fojú kékeré wo èyí. Àgbàlagbà tí kò lè dá lọ sí ilé ìgbẹ́ kì í fẹ́ mu omi mọ́, àìsàn mìíràn a sì ti ibẹ̀ wá.

Bí ẹ bá rò pé yàrá yín kéré jù, ẹ gbọ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń sọ bọ́ọ̀sì kékeré di ilé. Àwọn tí ó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ wà nínú wọn. Wọ́n yọ àwọn ìjókòó kúrò, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi àárín ilẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ibùsùn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi ìdáná ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Abẹ́ tábìlì ìdáná ṣófo, kí orúnkún lè wọ ibẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe nínú yàrá amọ̀.

Nínú ọkọ̀ tiwa

Ọkọ̀ èrò tí ó ń lọ láti Lomé sí Atakpamé ń gba Notsé kọjá. Ilẹ̀ ọkọ̀ ga, pákó tí a ó fi gùn ún kò sì lè gùn tó bí a ṣe wí lókè. Nítorí náà ìrànlọ́wọ́ ènìyàn di dandan. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ó jókòó léèrè bí ó ṣe fẹ́ kí a ṣe é. Òun ni ó mọ ara rẹ̀ jù.

Bí ẹ bá ń gòkè, kí ojú rẹ̀ kọ iwájú, kí ẹni tí ó lágbára sì máa tì í láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ewe ti fi ẹ̀yìn jáde. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó lè ṣubú síwájú. Ẹ má ṣe di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé mú gbé àga náà, nítorí ó lè yọ. Nígbà tí ó bá wọlé tán, ẹ so àga náà mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú

Orílẹ̀-èdè Togo ṣe òfin kan ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2004 láti dáàbò bo àwọn tí ó ní àbùkù ara. Ní ọdún 2011, Togo tún fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn. Àdéhùn náà ní kí ilé tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ṣeé wọ̀ fún wọn. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn ní abúlé yín, ẹ béèrè ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìgbà náà ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti dín kù nítorí àjẹsára, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀ wà, àrùn rọpárọsẹ̀ wà, ogbó sì ń bọ̀ wá bá gbogbo wa.

Obìnrin aránṣọ náà padà wá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ni ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì béèrè ojú ewé tí a dé.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ tí ó ń kàwé

1. Ẹnu ọ̀nà kan ga ní sẹ̀ńtímítà 20. Báwo ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti gùn tó?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀?
3. Ta ni kò lè wọ ibi tí ẹ ti ń kàwé? Ẹ ti bi í léèrè?