Bí Àṣẹ Ìlú Ti Kúrò ní Ààfin Bọ́ sí Ọwọ́ Ìgbìmọ̀

Bí ará Erinje kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bá fẹ́ kí ìjọba tún ọ̀nà oko rẹ̀ ṣe lónìí, ààfin kọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò parí sí. Ọ̀dọ̀ kánsílọ̀ tí a dìbò yàn ni yóò lọ, kánsílọ̀ náà yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Òkìtìpupa, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n bí ìdílé méjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, tàbí bí oyè kan bá ṣófo, ọ̀dọ̀ ọba ni wọn yóò gbà lọ. Irú ìpín iṣẹ́ báyìí kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjà ni ó mú un wá, àwọn obìnrin ọlọ́jà ni ó sì jà jùlọ nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọba ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ ń ṣe bí ó ti wù ú. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń kó Aláàfin níjàánu. Bí Baṣọ̀run bá ti kéde fún un pé ìlú kọ̀ ọ́, ikú ni ó kù fún un. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọba kò lè dá àṣẹ ńlá pa láìsí àwọn Ògbóni. Adé wà lórí ọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó di adé náà mú.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tú ọwọ́ wọ̀nyí kúrò. Lẹ́yìn ọdún 1914, nígbà tí Lugard mú ètò ìṣàkóso láti ọwọ́ ọba dé ìhà gúúsù Nàìjíríà, ìjọba sọ ọba nìkan di aláṣẹ ìlú ní ọ̀pọ̀ ibi. Òun ni ó ń gba owó-orí, òun ni ó ń ṣe òfin ìbílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí àwọn ìjòyè lè dá lẹ́kun tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ajẹ́lẹ̀ nìkan lè bá wí. Ohun ìyanu ni èyí jẹ́, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ gba irú rẹ̀ láyè ní ilé tiwọn. Ní 1688, Ọba James Kejì sá kúrò ní London lọ sí ilẹ̀ Faransé nítorí pé ó fẹ́ dá nìkan ṣe ìjọba; ní 1689, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn fi òfin dè é pé ọba kankan kò gbọdọ̀ gba owó-orí láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọba tiwọn ni wọ́n wá kó lé Aláké lọ́wọ́.

Owó-orí yìí kan náà ni ó fa ìjà ní Abẹ́òkúta. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó-orí níbẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Nígbà ogun Hitler, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ obìnrin rẹ̀, tí àwọn onílé-ìwé àti àwọn ọlọ́jà jọ wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì yẹ ìwé ìṣirò owó ìlú wò. Nígbà tí èyí kò mú èso wá, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin yí ààfin Aláké Adémọ́lá Kejì ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Wọ́n tún padà wá nínú oṣù kejìlá. Ní 1948, àwọn Ògbóni pẹ̀lú kẹ̀yìn sí ọba. Nínú oṣù keje ọdún náà, Aláké fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní January 1949, ó kọ̀wé pé òun fi oyè sílẹ̀. Ìjọba dá owó-orí obìnrin dúró, ìgbìmọ̀ rọ́pò aláṣẹ kan ṣoṣo, àwọn obìnrin sì jókòó nínú rẹ̀. Aláké padà sí orí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1950, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó fi sílẹ̀ kọ́ ni ó padà bá.

Ohun tí Ẹ̀gbá fi ariwo gbà, òfin ni ó mú un dé àwọn ìlú mìíràn bí Erinje. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mínísítà tí ó ń bójú tó ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn ṣe Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti 1952. Òfin náà ní kí aráàlú dìbò yan kánsílọ̀, kí àwọn ọba àti ìjòyè má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ibi ni èyí ti rọrùn. Ní Ọ̀yọ́, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Aláàfin Adéyẹmí Kejì àti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣe ìjọba, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní 1954, ìjọba sì lé Aláàfin kúrò ní ìlú rẹ̀. Àṣẹ tí ó kúrò lọ́wọ́ ọba kan lè bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú.

Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ni ó fi bí ayé ti yí padà hàn jùlọ. Ó di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1962, ó yọ Olórí Ìjọba, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, kúrò nípò, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ọba, bí kò ṣe nítorí pé aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní London, wọ́n sì dá Gómìnà láre ní 1963. Ṣùgbọ́n kíá ni Ilé Aṣòfin Ìbàdàn yí òfin padà kí Akíntọ́lá má bàa kúrò.

Ní January 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti Ilé Aṣòfin pa pẹ̀lú Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1979, Ilé Aṣòfin padà. Ilé Lọ́balọ́ba kò padà mọ́. Ìgbìmọ̀ ọba tí ó kàn ń gba gómìnà nímọ̀ràn ni a fi rọ́pò rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.