Níbo Gan-an Ni Ó Ti Já? Ìwé Ìlàlóye Lórí Wi-Fi Tó Ń Ṣe Ségesège, fún Àwọn Ará Kétu àti Agbègbè Rẹ̀

Iṣẹ́ ìjọba tó ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò kéré mọ́. Ẹni tó ń wá casier judiciaire, orí service-public.bj ni yóò ti béèrè rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò bac, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti yan ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wù ú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu níbí náà kò lè ṣe ìwádìí tó lórí láìsí i. Nítorí náà, bí Wi-Fi bá já mọ́ ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kì í ṣe eré ọmọdé ló dá dúró: fọ́ọ̀mù á pa rẹ́, owó tó fi fóònù san á há sójú ọ̀nà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un á sì máa sún mọ́lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á bú ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pààrọ̀ síìmù, tàbí kí wọ́n lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná fáráǹkì kan kó tó mọ ibi tó ti ń já, àti pé ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ fura sí ni àárín kọ̀ǹpútà wa àti rútà inú ilé, kì í ṣe Kútọnu.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká dé ìta ayé pín sí mélòó kan, àwa la kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní “Wi-Fi”. Láti ara kọ̀ǹpútà, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rútà. Èyí nìkan ló ń jẹ́ Wi-Fi. Láti ọ̀dọ̀ rútà, ó ń lọ sí òpó MTN, Moov Africa tàbí Celtiis, tàbí kó gba inú àwo Starlink lọ sójú ọ̀run, fún àwọn tó ti rà á láti ìgbà tó wọ ilẹ̀ wa ní 2023. Lẹ́yìn òpó, ó di Kútọnu. Lẹ́yìn Kútọnu, ó di abẹ́ òkun, níbi tí àwọn okùn bíi SAT-3 àti ACE ti gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun lẹ́bàá ilẹ̀ Kódífúà: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó máa wọ́ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Síbẹ̀, àmì Wi-Fi orí kọ̀ǹpútà kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́ náà. Kò purọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ni àmì yẹn ń jẹ́rìí sí. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rútà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ká máa bi í.

Bí a bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń já gan-an, kí kọ̀ǹpútà máa pe ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwa sì máa wo ẹni tí kò dáhùn. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Entrée; fèrèsé dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ ipconfig sínú rẹ̀, kí ẹ wá ìlà «Passerelle par défaut». Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, bíi 192.168.1.1, ni àdírẹ́sì rútà yín. Ẹ wá kọ ping -t, ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà tẹ̀lé e. Ẹ ṣí fèrèsé dúdú kejì, kí ẹ kọ ping -t 8.8.8.8 sínú tirẹ̀. Ẹ̀rọ Google ni nọ́ńbà yẹn, ó sì jìnnà sí ilé yín. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àkókò tí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń dààmú yín. Àyẹ̀wò tí a ṣe láàárọ̀ kùtù tí gbogbo nǹkan ń lọ geere kò wúlò. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń jáde ní nọ́ńbà kan tí ms tẹ̀lé, ìyẹn ìwọ̀n ìgbà tí èsì fi lọ tó fi bọ̀, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Sí rútà inú ilé, 1 tàbí 2 tàbí 5 ló yẹ ká máa rí. Bó bá ń fò láti 3 sí 400 tó tún ń padà, tàbí tó ń kọ «Délai d'attente de la demande dépassé», inú ilé ni ìṣòro wà. Bí ti rútà bá dúró ṣinṣin tó jẹ́ pé 8.8.8.8 nìkan ni kò dáhùn, ẹ fi kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ ń dákẹ́ lásìkò kan náà, ẹ má tíì dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi, nítorí kò sí bí ohùn ṣe lè dé ọ̀dọ̀ Google láìgba ọ̀dọ̀ rútà kọjá. Ẹ tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ C bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró.

Ẹnìkan lè sọ pé rútà mìíràn wà tí kì í dáhùn ping rárá, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wifi zone. Òótọ́ ni. Okùn ni ẹ ó fi jẹ́rìí nígbà náà: ẹ fi okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀yìn rútà, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí kò bá já mọ́, afẹ́fẹ́ inú ilé ló jẹ̀bi. Nǹkan kékeré kan tún wà tó yẹ ká fojú sí: bí àdírẹ́sì IPv4 kọ̀ǹpútà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, rútà kò fún un ní àdírẹ́sì kankan, òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀. Ẹ tẹ «Oublier» lórí orúkọ Wi-Fi náà, ẹ pa rútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó tún kọ ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ilé wa gan-an ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ògiri amọ̀ pupa tó nípọn, tó ń mú kí yàrá tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ń fa agbára ìgbì rédíò mu, ó sì ń fà á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò bá ti rin ín, nítorí omi a máa gba irú ìgbì yìí sára. Irin ní tirẹ̀ kì í fà á mu, ńṣe ló ń dá a padà: páánù òrùlé, ilẹ̀kùn irin, irin ojú fèrèsé, fìríìjì, àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí a fẹ́ràn láti máa fi rútà pa mọ́ sí. Láti mọ ibi tó burú, ẹ kọ netsh wlan show interfaces sínú fèrèsé dúdú, kí ẹ wo ìlà Signal. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà láti yàrá dé yàrá, kí ẹ máa tún un kọ. Níbi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 40%, kì í ṣe ìyanu bó bá ń já. Rútà tó wà lórí pẹpẹ gíga láàárín ilé ń ṣe dáadáa ju èyí tó wà nílẹ̀ nínú igun lọ, ìyẹn kò sì gba owó kankan. Bí rútà bá ní 2.4 GHz àti 5 GHz, ẹ fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 5 GHz ń yára, ṣùgbọ́n ògiri a máa tètè dá a lẹ́kun. Bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà lè máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín méjèèjì, kí a sì máa rò pé ó ń já.

Àwọn oníṣòwò á ní kí ẹ kúkú ra rútà tó lágbára jù. Àbùkù ìmọ̀ràn yìí ni pé ọ̀rọ̀ Wi-Fi kì í ṣe àlọ láìsí àbọ̀. Gbogbo ohun tí rútà bá sọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rútà á tún un sọ. Agbára rútà lè pọ̀ títí, ohùn kọ̀ǹpútà yín kò yí padà. Àmì á kún, ìdáhùn kò sì ní dé. Rìpítà tí wọ́n ń gbé sí àárín ọ̀nà sàn díẹ̀, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ ń gbọ́ ó sì ń sọ lójú ọ̀nà kan náà, ìyára á wá dín kù tó ìdajì. Okùn tí a fà láti yàrá kan sí èkejì, tí a wá gbé rútà kejì sí ẹnu rẹ̀, lérè ju méjèèjì lọ.

Àwọn aládùúgbò tún wà. Ojú ọ̀nà mẹ́tàlá ni wọ́n pín 2.4 GHz sí, ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn. Ní àdúgbò tí wifi zone bá ti pọ̀, gbogbo rútà ń ṣe bí ènìyàn nínú ìpàdé: ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dákẹ́ ná. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dára ní òru tó sì ń burú ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ẹ wọ inú ètò rútà, kí ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn tí àwọn ará àdúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Ẹni tó bá mú 3 tàbí 8 nítorí ó rò pé ibẹ̀ dá páro, ọ̀dọ̀ ìjọ méjì ló lọ jókòó sí, ariwo méjèèjì ni yóò sì máa gbọ́.

Bí gbogbo èyí bá ti mọ́, tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń já tí àwọn yòókù kò já, a lè wá kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ká má ṣe fi fóònù dán an wò báyìí-báyìí. “Fóònù mi ń ṣiṣẹ́ níbi kan náà” kì í ṣe ẹ̀rí títí a ó fi pa dátà rẹ̀, nítorí bí Wi-Fi bá ti rẹ̀ ẹ́, fóònù lè yọ́ lọ sórí dátà síìmù láìsọ fún ẹni tó ni í. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀ràn ìpamọ́ iná: nínú «Gestionnaire de périphériques», lábẹ́ «Cartes réseau», ẹ ṣí ẹ̀rọ Wi-Fi, kí ẹ lọ sí «Gestion de l'alimentation», kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú ìlà tó ń gba kọ̀ǹpútà láàyè láti pa ẹ̀rọ náà kó lè ṣọ́ iná ná. Bó bá jẹ́ pé orí bátìrì nìkan ló ń já, níbí ni ẹ ó ti wò ó. Ẹ tún yọ dísìkì ìta tó ń lo USB 3 kúrò nítòsí, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ní 2012 ni Intel fúnra wọn ti tẹ̀wé pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń pariwo sí 2.4 GHz. Èyí tó pamọ́ jù wà nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ni eríálì Wi-Fi wà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ dúdú àti funfun, ń gba inú ìdè gíláàsì sọ̀kalẹ̀ wá, bọ́tìnnì irin róbótó ló sì wà lórí wọn tí a ń tẹ̀ mọ́ káàdì. Ẹni tó tún gíláàsì ṣe lè gbàgbé láti tẹ̀ wọ́n padà. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń rí Wi-Fi kìkì nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan rútà, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tún un ṣe, kí ẹ sì ní kó wo okùn méjèèjì.

Àwọn tó ń di ẹ̀bi ru òjò kò jẹ̀bi tán. Òjò fúnra rẹ̀ kì í dí 2.4 GHz lọ́wọ́ láàárín yàrá méjì, àfi bí ó bá rin ògiri amọ̀, ṣùgbọ́n òjò ńlá a máa dí àwo Starlink lọ́wọ́, àsìkò òjò náà sì ni iná mànàmáná sábà máa ń ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú iná kékeré tí gílóòbù fara dà lè pa rútà, yóò sì gbà á tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó tún jí. Bí gbogbo iná ara rútà bá kú tí wọ́n sì tún tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, iná mànàmáná ni ẹ ń bá jà. Bátìrì kékeré tí ń gbé 12 V jáde, èyí tí rútà púpọ̀ ń lò, á yanjú rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ṣájà rútà yín kí ẹ tó rà á.

Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn rútà ló ti ń já, àwọn ará Ìlárá àti abúlé ẹnu ààlà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo nǹkan kan: rútà tó ń lo síìmù lè gbọ́ òpó Nàìjíríà ju ti Bẹ̀nẹ̀ lọ, kó máa ṣí lọ ṣí bọ̀. Nínú ètò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yan ilé-iṣẹ́ yín dípò «automatique». Bí èyí kò bá ràn án, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé, ẹ ya fọ́tò fèrèsé dúdú méjèèjì, èyí tí rútà ti ń dáhùn geere àti èyí tí 8.8.8.8 ti dákẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, ARCEP Bénin ni àjọ tó ń mójú tó wọn, ìwé kan náà àti nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó sì mú lọ bá wọn.