Ẹ̀yìn Ríro àti Ọrùn Dídùn: Ìtọ́jú Tí Kò Ní Ọ̀bẹ Nínú

Nínú gbogbo àìlera tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́, kò sí èyí tó pọ̀ tó ẹ̀yìn ríro. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dun èèyàn mílíọ̀nù 619 káàkiri ayé, àti pé iye náà yóò tó mílíọ̀nù 843 tó bá fi máa di ọdún 2050. Ọrùn dídùn náà kì í jìnnà sí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí nínú àwọn tí ìrora yìí ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ara wọn fúnra rẹ̀ ni yóò wò wọ́n sàn, bí wọn kò bá ṣe ohun tí yóò dí i lọ́wọ́.

Ọ̀kan lára ibi tí ohun tó ń fa ìrora yìí ti hàn sí gbangba ni Ṣàgámù Interchange, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin, tí ọ̀nà Abẹ́òkúta náà sì ti yà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni oríta náà ti di ibi tí awakọ̀, agbèrò, alábàárù àti àwọn tó ń kiri ọjà ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Kí èèyàn wo awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dáadáa. Àga tó jókòó lé, sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, páálí àti àkísà ni wọ́n fi tì í. Ó na ọrùn síwájú kó lè rí dígí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, àpò owó tó wú sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ títí ọkọ̀ yóò fi dé Ìbàdàn. Gbogbo gbígbọ̀n ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbà á. Àwọn tó ń ru ẹrù ń rí tiwọn náà: omi inú ọ̀rá àpò kan, tó jẹ́ ọ̀rá 20, wúwo tó kílò 10, àpò sìmẹ́ǹtì kan sì jẹ́ kílò 50. Ní oko Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ kúrú ni àgbẹ̀ ń tẹ̀ ba tì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi mú.

Eegun 33 ló tò léra wọn láti ìsàlẹ̀ orí dé ìdí. Méje wà ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, márùn-ún ní ìbàdí, márùn-ún tó lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan ní àárín ìdí, àti mẹ́rin kéékèèké tó parí rẹ̀. Láàárín eegun kan àti èkejì, láti ọrùn dé ìbàdí, ni nǹkan rírọ̀ kan wà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń ṣe bíi tìmùtìmù. Dísìkì ni àwọn dókítà ń pè é, 23 sì ni gbogbo wọn. Àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára lọ sí apá àti ẹsẹ̀ ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dísìkì yìí, iṣan ẹran ara tó nípọn ló sì di gbogbo rẹ̀ mú kó má baà wó. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú dísìkì àgbàlagbà. Ìgbà tí èèyàn bá ń rìn, tó ń tẹ̀, tó ń nà, ni oúnjẹ ń wọ inú rẹ̀. Ara tó ń jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́fà ń fi ebi pa á.

Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá gbé ẹ̀yìn ríro lọ bá dókítà, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni kò ní eegun tó kán, kò ní jẹjẹrẹ, kò sì sí àrùn kankan tí èèyàn lè nawọ́ sí nínú eegun wọn. Iṣan ti rẹ̀, tàbí oríkèé ti le, tàbí ara ti ń ṣọ́ra jù. Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìrora náà dájú, àmọ́ kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn láìnídìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2015, àwọn oníwádìí kó èsì àwòrán ẹ̀yìn èèyàn 3,110 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú àwọn ọmọ 20 ọdún, 37 nínú 100 ni dísìkì wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, 96 nínú 100 ni. Dísìkì tó ń gbó dà bí irun tó ń funfun. Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jẹ, tí kò sì sí àmì ewu mìíràn lára rẹ̀, kò yẹ kó lọ dùbúlẹ̀ de ikú.

Nílẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí Ṣàgámù wà, gẹ́gẹ́ bíi ti ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ẹ̀yìn ríro rù. Ìdí nìyí tí àgbo jẹ̀dí fi ń tà ní gbogbo gáréèjì. Àgbo náà lè mú èèyàn yàgbẹ́, àmọ́ kì í dé ibi tí iṣan ẹ̀yìn wà. Èyí tí wọ́n fi ọtí pò burú jù fún awakọ̀, nítorí ẹ̀yìn ẹnì kan ni wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ń fi wewu.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìlọ́ra. Bí abẹ́ àti itan inú bá kú tí èèyàn kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó wà lára ìgbà díẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ̀yìn tó ń dun èèyàn lóru àti lọ́sàn-án, tí ibà, òógùn òru àti rírù sì tẹ̀ lé e, lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wọ eegun. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ló ṣàlàyé àrùn náà ní ọdún 1779. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń wo púpọ̀ nínú rẹ̀ sàn báyìí, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún láìṣe wàhálà kankan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò fún jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin lábẹ́, torí ó máa ń ràn dé eegun ẹ̀yìn. Ọrùn tó gan pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́ kíkankíkan lè jẹ́ yírùnyírùn, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òróró wọ́.

Ti ìjàm̀bá ọkọ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbókìtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àánú ni àwọn èèyàn fi ń sáré fa ẹni tó farapa lápá àti lẹ́sẹ̀ jáde. Bí eegun ọrùn bá ti kán, fífà yẹn lè sọ ẹni tí ì bá rìn di ẹni tí kò ní rìn mọ́ láyé. Bí iná kò bá ń jó, tí ewu mìíràn kò sì sí níbẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má yí, kí wọ́n sì pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bó bá di dandan kí wọ́n gbé e, orí àti ara ni kí ó jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹ̀yìn ríro lásán, ohun àkọ́kọ́ ni kí èèyàn má sùn tì. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja títí ìrora yóò fi lọ. Ní ọdún 1995, àwọn dókítà ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, pín òṣìṣẹ́ 186 tí ẹ̀yìn ń dùn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan sùn sórí ibùsùn fún ọjọ́ méjì, àwọn kan ń na ẹ̀yìn, àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ bí ara wọn bá ṣe gbà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ ló tètè yá jù, àwọn tó sùn ló pẹ́ jù. Kí èèyàn dín ohun tó wúwo kù, kí ó má sì ṣíwọ́ rírìn. Aṣọ ìnura tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tí wọ́n sì fún máa ń dẹ iṣan. Wíwọ́ra pẹ̀lú òrí náà ń tuni lára. Àwọn àgbà wa a máa ní kí ọmọ kékeré gun àwọn lẹ́yìn kó máa tẹ̀ ẹ́. Kò burú fún ẹni tí eegun rẹ̀ le, àmọ́ kí arúgbó má ṣe dán an wò, torí eegun tó ti gbẹ lè sán.

Oògùn ní ipò tirẹ̀, kò sì tóbi tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìwádìí kan ní Australia ní ọdún 2014, lára èèyàn 1,652, fi hàn pé paracetamol kò mú ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn tètè yá ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ibuprofen àti irú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyẹ̀fun Alabukun, tí Jacob Odulate ará Ìkòròdú gbé jáde ní Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà òfin aspirin ló dè é. Ẹni tó bá ń lo àwọn oògùn wọ̀nyí lójoojúmọ́ ń fa ọgbẹ́ inú, ó ń dá kíndìnrín lóró, ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Abẹ́rẹ́ inú kẹ́míìsì ló léwu jù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ ní ìdí lè ba iṣan ńlá tó gba ibẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ jẹ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ má lè gbéra mọ́. Ẹ̀yìn tí ì bá san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á wá di arọ ẹsẹ̀.

Bí ìrora bá ti ẹ̀yìn gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, tó ń ta bí iná, dísìkì kan ló sábà máa ń ti iṣan. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ọ̀bẹ nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ara fúnra rẹ̀ a máa jẹ ibi tó yọ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìdárayá àti ọwọ́ ṣe, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù lásìkò yìí. Ní ọdún 1956, Robin McKenzie, oníṣẹ́ físíò kan ní New Zealand, ní kí aláìsàn kan lọ dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn. McKenzie kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé orí ibùsùn náà sókè, ẹ̀yìn ọkùnrin náà sì tẹ̀ sẹ́yìn gidigidi. Nígbà tí McKenzie padà dé, ìrora ti kúrò lẹ́sẹ̀ aláìsàn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ìtọ́jú kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè ṣe é nílé: kí ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún un ṣe bí ìgbà mẹ́wàá. Bí ìrora bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bọ̀ wá sí ẹ̀yìn, ó ń ṣe dáadáa. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ sí i, kí ó dáwọ́ dúró.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn tó ti ń dunni ju oṣù mẹ́ta lọ. Eré ìdárayá, ẹ̀kọ́ nípa ìrora, wíwọ́ra àti ìmọ̀ràn tó ń mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn ni wọ́n fara mọ́. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà kiri, fífi ẹ̀rọ fa ẹ̀yìn, àti oògùn olóró bíi tramadol kò sí lára ohun tí wọ́n gbà níyànjú. Ọ̀rọ̀ tramadol yẹn kan àwọn awakọ̀ tó ń lò ó gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ìrora má baà padà wá, rírìn ló gbayì jù. Ìwádìí mìíràn ní Australia, tó jáde ní ọdún 2024, tẹ̀ lé èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 30 ìṣẹ́jú, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, tó nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ìrora tó padà. Àwọn yòókù tó ọjọ́ 112. Rírìn kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Awakọ̀ tó bá gúnlẹ̀ ní Interchange kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kí ó tẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún, kí ó rìn yí ọkọ̀ ká. Kí ó fa àga súnmọ́ iwájú, kí ó ká aṣọ sí kòtò ìbàdí, kí ó sì yọ àpò owó kúrò lábẹ́ ìdí. Ẹni tó ń gbé ẹrù kí ó mú un súnmọ́ àyà, kí ó fi ẹsẹ̀ yí, kí ó má fi ẹ̀yìn lọ́. Àpò kan sàn ju méjì lọ.

Ẹrù orí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1986, àwọn oníwádìí ní Kenya rí i pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu lè ru ohun tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ìyẹn yìn ọgbọ́n ìrìn wọn, kò ní kí ọrùn máa ru àpò sìmẹ́ǹtì. Òṣùká tó nípọn, ọrùn tó tọ́, àti ẹni tó ń bá ni gbé e ka orí ṣe pàtàkì. Fún ọrùn tó gan nítorí fóònù, kí èèyàn gbé fóònù dé iwájú ojú, kí ó sì máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ní àgbọ̀n méjì, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìrọ̀rí kan tó fún ọrùn.

Ẹ̀yìn tàbí ọrùn tí kò bá dẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ́ tó wà nínú ìlú Ṣàgámù, tàbí sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tó farapa nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lẹ́bàá títì.