Ì Bá Ṣe Pé Ẹṣin Ni Ìfẹ́ Ọkàn

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń pòwe. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì dá lórí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ wọn sórí ní ilé ẹ̀kọ́, láìro ohun tí wọ́n ń bá wa wí.

Wọ́n ní, ì bá ṣe pé ẹṣin ni ìfẹ́ ọkàn, alágbe ì bá máa gẹṣin. Òwe yìí wà nínú ìwé òwe àwọn ará Scotland tí James Kelly tẹ̀ jáde ní ọdún 1721. Láyé ìgbà náà, olówó ló ń gẹṣin, ẹsẹ̀ ni tálákà fi ń rìn. Bí fífẹ́ nǹkan bá tó láti ní i, ta ni yóò ṣe aláìní?

Òmíràn wà nínú ìwé tí John Heywood tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1546: a kò lè jẹ àkàrà òyìnbó wa tán, kí a tún ní i lọ́wọ́. Àwa náà mọ̀ pé ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Ẹni tó ná owó oṣù rẹ̀ tán sórí aṣọ, kí ni yóò fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ?

Ẹ̀kẹta ti Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1913, ayàwòrán kan, Pop Momand, bẹ̀rẹ̀ àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, nípa ìdílé kan tó ń làkàkà láti bá àwọn Jones, aládùúgbò wọn, dọ́gba. Títí dòní, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn nípa ẹni tó ń ra ohun tí agbára rẹ̀ kò ká nítorí aládùúgbò. Ẹ sì gbọ́ o: àwọn Jones yìí kò fojú hàn rárá nínú àwòrán náà! Ẹni tí a kò rí ni a ń bá sáré.

Ẹ̀yin tọkọtaya, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. A yáwó ra aṣọ ẹbí, a yáwó ṣe àsè. Àlejò jẹun tán, ó lọ. Gbèsè kù sílẹ̀ tí ọkọ àti aya yóò máa fi bá ara wọn jà. Àwọn baba wa ní, “Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n.”

Fífẹ́ nǹkan kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra èyí tó kàn, ẹ jókòó, kí ẹ bi ara yín léèrè: ṣé àwa la nílò rẹ̀, àbí nítorí àwọn Jones ni?