Rédíétọ̀ tí ó Yẹ Kọ̀ǹpútà Olómi

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá gbé tòmátò láti Òkè Ọya dé ọjà Máìlì 12 ní Kòsọ́fẹ́, omi àti rédíétọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jóná lọ́nà. Omi a gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, a gbé e lọ sínú rédíétọ̀, atẹ́gùn a sì gbà á lọ́wọ́ omi. Bí rédíétọ̀ bá kéré tàbí tí ó dí, ọkọ̀ yóò dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, tòmátò yóò sì jẹrà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí a fi omi tù lára rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ to irú rẹ̀ jọ ní Kétu tàbí Ìkòsí ní láti mọ̀ pé rédíétọ̀ kò lè mú omi tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Bí omi bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, yóò wà ní 32 nínú yàrá tí ó wà ní 22. Ṣùgbọ́n nínú yàrá 33, tí kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò di 43. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a kọ fún àwọn ará ilẹ̀ òtútù kò tó ará Kòsọ́fẹ́.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa ṣírò pé àyè fáànù kan tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 120 lè lé nǹkan bí 100 wátì ooru lọ, bí ìyàtọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 10. Káàdì àwòrán GeForce RTX 4090, tí ó jáde ní ọdún 2022, lè jẹ 450 wátì. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá fi 150 kún un, àyè fáànù mẹ́fà ni wọn yóò fẹ́, èyí tí í ṣe rédíétọ̀ onífáànù mẹ́ta méjì. Bí a bá fẹ́ kí ìyàtọ̀ náà jẹ́ 5 péré, àyè yóò di ìlọ́po méjì. Fífẹ̀ sì lérè ju nínípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná ní iwájú kò lágbára mọ́ nígbà tí ó bá dé ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí ń bẹ láàárín ọ̀nà omi. Nínú rédíétọ̀ mìíràn, wọ́n tó 30 nínú íǹṣì kan. Irú èyí ń fẹ́ fáànù tí ń sáré, tí ń pariwo. Nínú òmíràn, wọn kò tó 15. Fáànù tí ń yí pẹ̀lẹ́ tó o. Níbi tí eruku ọ̀nà Ìkòròdú àti ti ọyẹ́ ti ń wọlé, irú kejì ni ó sàn, nítorí kì í tètè dí, ó sì rọrùn láti nù.

Irin rẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ewu ibẹ̀. Irin tí ń gba ooru lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ bàbà. Bí òun àti alumíníọ̀mù bá jọ wà nínú omi kan náà, alumíníọ̀mù a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí omi yóò fi jò sórí ohun olówó ńlá. Bàbà pẹ̀lú bàbà ni kí a so pọ̀. Kí omi rẹ̀ má sì jẹ́ ti kànga, tí iyọ̀ inú rẹ̀ lè dí ihò tóóró. Omi tí a kó jọ láti ara oru omi híhó ni ó tọ́, pẹ̀lú oògùn tí ń dènà ìpẹtà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra rédíétọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ooru ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó ka ìgbóná yàrá rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó tó mú owó jáde.