Ata, Iṣan Ẹ̀jẹ̀ àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Kò sí ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré tí kò mọ ohun tí ata rodo lè fi ojú ẹni rí. Bí a bá fi ọwọ́ lásán fọ́ ata, tàbí tí a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kò ní í pẹ́ tí ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Àtẹ́lẹwọ́ á gbóná, á sì pọ́n. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí, síbẹ̀ á máa jó. Bẹ́ẹ̀ iná kò sí níbẹ̀! Kí ló fa ooru náà?

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Èdè wa ń lo "iṣan" fún ohun púpọ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ìròyìn ìrora àti ooru lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. A ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní iṣan ẹ̀jẹ̀, a ó sì máa pe èkejì ní iṣan ìmọ̀lára.

Ní ẹnu iṣan ìmọ̀lára ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà. Ojú lásán kò lè rí wọn. Bí ohun gbígbóná bá kàn wọ́n, wọ́n á ṣí. Ṣùgbọ́n ata náà ní kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi dà bí iná lára wa. Ní ọdún 1997 ni David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ilẹ̀kùn yìí, ó sì wà lára ohun tó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2021.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kálísíọ́mù á wọlé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó, ó wà nínú eegun àti nínú ìkarahun ìgbín, díẹ̀ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa. Iṣan ìmọ̀lára á wá ṣe iṣẹ́ méjì. Á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, "Ó ń jó mi o!" Kálísíọ́mù á sì mú kí ó tú ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní CGRP sára iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí.

Ẹran tín-ín-rín kan yí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ká, bí ìgbà tí a fi ọ̀já gba ìdí. Bí kálísíọ́mù bá pọ̀ nínú ẹran yìí, ọ̀já á fún. Bí ó bá dín kù, ọ̀já á dẹ̀. CGRP ń mú kí ó dín kù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé, ọwọ́ á gbóná. Ẹ ò rí i pé kálísíọ́mù kan náà ni: nínú ẹran ó ń fún ọ̀já, nínú iṣan ìmọ̀lára ó ń tú ohun tó ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí, àwa náà ní kí ẹni tó ń sọ ọ́ tún un sọ.

Lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀já yìí sábà máa ń fún jù. Ọkàn á wá máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Kì í sábà dunni, títí di ọjọ́ tí iṣan kan nínú ọpọlọ bá dí tàbí tí ó bẹ́, tí ènìyàn sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Amlodipine, oògùn tí wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀kùn kálísíọ́mù lára ẹran iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń tì. Ní ọdún 2019, ìwádìí kan tí Dókítà Dike Ojji ti Àbújá wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ jáde. Ènìyàn dúdú 728 ni wọ́n yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Oògùn méjì méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí amlodipine wà nínú oògùn wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ń lo oògùn yìí. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àwọn aládùúgbò ní oògùn ló fẹ́ pa á, ó sì kó o dànù sínú igbó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú wa, kò sì lè mú un mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó dùn wá pé a rí ẹsẹ̀ náà, a kò sì béèrè ohunkóhun.

Iṣan kéékèèké tó dẹ̀ lè jẹ́ kí omi jò sí ẹsẹ̀, oògùn yìí a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ìdí mìíràn sì lè wà fún ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Wọ́n lè dín oògùn náà kù, wọ́n sì lè pa á dà.

Àwọn kan bi wá bóyá kí àwọn yé jẹ ẹja eléegun nítorí kálísíọ́mù. Rárá o. Ilẹ̀kùn ni oògùn náà ń ṣọ́, kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀. Bàbá kan ní Ìsẹ̀ tún ní òun á kúkú máa jẹ ata dípò oògùn, nígbà tí ata náà ń dẹ iṣan. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ibi tí ata bá kàn ló ń ṣiṣẹ́ jù, kì í sì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń tán. Oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, àní nígbà tí a bá sùn.