Àròkọ Alálàyé: Bí A Ṣe Ń Wá Nọ́ńbà Ẹ̀yà Táípúráítà Oníná Àtijọ́

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ táípúráítà oníná àtijọ́ rí: ẹ̀rọ gan-an ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó wá ẹ̀yà tí a ó rà fún un. Bí o bá sọ fún ọlọ́jà pé bẹ́líìtì ni o ń fẹ́, oríṣiríṣi ni ó lè gbé fún ọ. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí owó ẹni ṣòfò.

Jẹ́ kí a fi Selectric, tí ilé iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1961, ṣe àpẹẹrẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, mọ irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ. Selectric II jáde ní 1971. Èyí tí ó ń pa àṣìṣe rẹ́ tẹ̀ lé e ní 1973. Selectric III sì dé ní 1980. Wọ́n jọra lójú bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wo bọ́ọ̀lù kékeré tí lẹ́tà wà lára rẹ̀: àmì 88 ni ó wà lára ti àwọn mẹ́ta ìṣáájú, 96 sì ni ti Selectric III. Ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ dípò èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, wo inú àti abẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mú un lọ sínú ìwé àkójọ ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ fún àwọn atúnẹ̀rọṣe. Nọ́ńbà kékeré tí o bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán níbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀yà. Ńṣe ni ó ń tọ́ka sí ìlà tí o ó kà nínú àkójọ. Ìlà yẹn ni nọ́ńbà ẹ̀yà wà.

Má gbàgbé iná. Fóòtì 115 àti hertz 60 ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lò. Hertz 50 ni iná Nàìjíríà, fóòtì rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí ẹnìkan ní Ìbàdàn bá fi nọ́ńbà ti Amẹ́ríkà ra ẹ̀ńjìnnì kékeré tí ń yí ẹ̀rọ náà, tí ó sì kì í bọ iná tààrà, yóò jóná.

Ní 1991, iṣẹ́ táípúráítà kúrò lọ́wọ́ IBM bọ́ sọ́wọ́ Lexmark. Bí ìwé bá wọ́n, lọ bá àwọn àgbà atúnẹ̀rọṣe. Abéèrè kì í ṣìnà. Ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó sanwó, nítorí bí ẹyọ kan bá yí padà nínú rẹ̀, ẹ̀yà mìíràn ni wọn yóò gbé wá.

Ìwọ olùdánwò, ṣàkíyèsí bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ lé èkejì. Bí àròkọ alálàyé ti gbọ́dọ̀ rí nìyẹn.